Ọmọ Odó Méjì Nínú Odó Kan: Ìdágbére fún Àdùkẹ́, Aya Mi

Ó dìgbà o, Àdùkẹ́. Ó dìgbà o, ọmọ Ìjan-Èkìtì, obìnrin tí wọ́n la àyà rẹ̀ tí kò torí ẹ̀ jókòó ti ayé. Ilé wa ní Òkè-Ìlá ti dákẹ́ láti ọjọ́ tí o ti lọ, irú ìdákẹ́ tí kò sí níbẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Èmi ọkọ rẹ ni mo ń kọ èyí, èmi káfíńtà tí mo kan ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò yìí. Wọ́n ní ojú ìwé kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọkọ olóògbé nínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo sọ fún Tóyìn, àkọ́bí wa, pé ojú ìwé kan kò lè gba ìyá rẹ̀, kí wọ́n lọ bá àwọn atẹ̀wé sọ ọ́ dáadáa.

Kí n rò ó fún àwọn tí kò mọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, o jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì, o ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tóyìn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, Dàpọ̀ àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. O bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ bí o bá ti gun òkè ilé wa. Ẹsẹ̀ rẹ wú. O ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ìyá rẹ ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Èmi ní ibà ni, mo sì ra oògùn ibà wálé. Gbogbo wa la di dókítà, títí o fi ṣubú níwájú pátákó ìkọ̀wé lọ́jọ́ kan, tí ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ.

Dókítà tó yẹ̀ ọ́ wò ya àwòrán ọkàn sórí bébà fún mi. Ó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà nínú ọkàn èèyàn, ẹ̀jẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá, ilẹ̀kùn á sì padé kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Ó ní ọ̀kan nínú tìrẹ kò padé dáadáa mọ́, àìsàn ọ̀fun kan tó ṣe ọ́ ní kékeré ló bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ń sunkún. Èmi bi dókítà pé, "Ṣé férémù ló yẹ̀ ni, àbí híńjì?" Dókítà wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ó yé yín ju bó ṣe yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ." O rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí o wà. Mo rántí ẹ̀rín yẹn dáadáa, torí ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ wá di pé kí wọ́n pààrọ̀ ilẹ̀kùn náà. Àwọn ará ilé yarí. Wọ́n ní ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n la àyà èèyàn, tí onítọ̀hún tún padà wá bá wọn jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi kan tiẹ̀ pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní kí n ti máa wojú obìnrin mìíràn kí ilé má baà tú. Ó wà níbi ìsìnkú yìí, mo sì mọ̀ pé yóò ka èyí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, mi ò bínú mọ́.

Ìwọ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. O kàn bi mí pé, "Bàbá Tóyìn, ilẹ̀kùn tó bá bàjẹ́, ṣé àdúrà nìkan lẹ fi ń tún un ṣe ní ṣọ́ọ̀bù yín?" Mo ní rárá. O ní, "Ẹ jẹ́ á gbàdúrà ká sì máa lọ." Àwọn olóore ràn wá lọ́wọ́, Ọlọ́run kò ní gbàgbé wọn, a sì wọkọ̀ òfuurufú lọ sí ilẹ̀ Íńdíà, èmi tí mi ò kọjá Ìbàdàn rí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n la àyà rẹ, mo jókòó síta láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, mo tẹ̀ síwájú, mo gbé etí sún mọ́ àyà rẹ, mo sì gbọ́ ọ: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Irin ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn tuntun náà. Ó ń ṣí, ó ń tì. Láti kékeré ni mo ti ń kan ilẹ̀kùn, mi ò gbọ́ èyí tó dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àṣìṣe tèmi ni mo fẹ́ sọ níbí, Àdùkẹ́. O bò mí láṣìírí fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sì dára kí o tún gbé e wọ ilẹ̀ lọ fún mi.

Wọ́n fún ọ ní oògùn kan tí o gbọ́dọ̀ máa lò lójoojúmọ́ títí ayé, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ ara irin náà. Wọ́n ṣàlàyé oúnjẹ fún mi pẹ̀lú. Wọ́n ní kí n má ṣe ki àṣejù bọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́, pé ẹ̀fọ́ tí ewé rẹ̀ dú máa ń bá oògùn náà jà. Etí kan ni mo fi gbọ́ ọ. Lójú tèmi, obìnrin tí wọ́n la àyà rẹ̀ ti pàdánù ẹ̀jẹ̀, ta ni kò sì mọ̀ pé omi ẹ̀fọ́ úgù ló ń dá ẹ̀jẹ̀ padà? Ìyá mi sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Rìsí aládùúgbò wa, mùsùlùmí òdodo tí kì í purọ́, òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ọjà Ọba láràárọ̀ nìyẹn. Mo ń ra úgù ní ìdì ńlá ńlá, mo ń gún un, mo ń fún omi rẹ̀ sínú ife, mo ń po mílíìkì mọ́ ọn. Ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́. O ní ó ń rùn bí igbó. Mo ní kí o ṣáà mu ún. O ń mu ún nítorí mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a jókòó nídìí oúnjẹ àárọ̀, ife náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹnu rẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. O ń gbìyànjú láti pe Dàpọ̀, orúkọ ọmọ tí o bí kò jáde lẹ́nu rẹ. Ẹ̀jẹ̀ kékeré kan tó ti dì ló lọ há sí ọ̀nà ọpọlọ. Ọlọ́run ṣàánú wa, a tètè gbé ọ dé ilé ìwòsàn, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti padà sẹ́nu rẹ. Dókítà wo èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà, ojú rẹ̀ le. Ó ní oògùn náà kò rí iṣẹ́ kankan ṣe lára rẹ, pé nǹkan kan ń dí i lọ́wọ́. Ó bi wá pé kí lo ń jẹ. Ìwọ tí ẹnu rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ lo dáhùn. O ní, "Mo fẹ́ràn ẹ̀fọ́, dókítà, èmi ni mo jẹ ẹ́ jù. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Dókítà bá ọ wí bí ẹni bá ọmọdé wí. Mo jókòó síbẹ̀, mo jẹ́ kí ó bá ọ wí.

Tóyìn, Dàpọ̀, èmi ni. Ìyá yín kò fẹ́ràn omi úgù rí láyé rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti wọ̀ mí lára, mo sì sọ ẹ̀rù náà di òfin lé ọ lórí. O kò gbọdọ̀ ru omi. O kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí o bá sín, mo ti dìde dúró. Iṣẹ́ olùkọ́, mo ní kí o fi sílẹ̀ ná. Èyí tó dùn ọ́ jù lọ ni pé o kò gbọdọ̀ gún iyán. Dókítà ní kí egungun àyà rẹ sinmi fún oṣù mẹ́ta, mo sọ oṣù mẹ́ta di títí láé. Èmi ni mo wá ń gún un. Gbogbo Òkè-Ìlá ló mọ̀, torí ọkùnrin tó ń gba odó bí ẹni ń kan òrùlé kò ṣeé fi pamọ́. Kókó inú iyán mi kò lóǹkà. O máa ń fi ìka ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sí etí abọ́, o ó wá ní, "Káfíńtà, ẹ kó ìṣó yín." Bàbá Tóyìn ni mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ bí ara bá tù ọ́, bí mo bá ti gbọ́ Káfíńtà, mo mọ̀ pé mo ti ṣẹ̀. Bàbá rẹ, àgbẹ̀ àtàtà ní Ìjan, jẹ iyán mi lẹ́ẹ̀kan. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Àna mi, ṣé usu yìí ṣẹ̀ ọ́ ni?" Bí àwọn bàbá wa ní Èkìtì ṣe ń pe iṣu nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún un tó bàbá rẹ. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, ohun tí ó fi tọ́ ọ dàgbà nìyẹn.

Nígbà tó pé ọdún kan, o ní ó tó gẹ́ẹ́, o fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, o fẹ́ máa lọ sóko bàbá rẹ, o sì fẹ́ gún iyán rẹ fúnra rẹ. Mo fi àáké kọ́rí. Mo gbé ọmọ odó kúrò nílé, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo kó pákó bò ó. Àgbàlagbà ni mí nígbà yẹn o, mo ti bímọ méjì.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé Ìyá Rìsí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe Ìyá Rìsí ló ń gún un, torí tirẹ̀ máa ń yára kánkán. Èyí ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dọ́gba. Mo sáré wọ ibẹ̀. Ìwọ ni mo bá, o fún ìró mọ́ àyà, òógùn bo ojú rẹ, ọmọ odó olódó lọ́wọ́ rẹ. Ìyá Rìsí rí ojú mi, ó ní òun ń wọlé lọ kírun, bẹ́ẹ̀ ìrun kò tíì tó. Mo pariwo. Mo bi ọ́ pé ṣé o fẹ́ kú ni, ṣé o fẹ́ fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún mi ni. O gún un títí ó fi dán. Ìgbà náà lo fi ọmọ odó ti ògiri, o mú ọwọ́ mi, o gbé e lé àyà rẹ. Ilẹ̀kùn náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó yára díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá, kò sì kọsẹ̀.

O ní, "Bàbá Tóyìn, wọn kò la àyà mi kí n lè máa jókòó. Ilẹ̀kùn tí ẹ bá kàn fún èèyàn, tí onítọ̀hún wá tì í pa, tó jókòó síwájú rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ kó má baà gbó, ṣé inú yín á dùn sí i?"



Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo bá ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, èmi fúnra mi ni mo bi í. Ó ní kí o máa rìn, kí o máa ṣiṣẹ́, kí o máa gún iyán bí ó bá ti wù ọ́, kí o sinmi bí ó bá rẹ̀ ọ́. Ó ní ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré ni oògùn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti kí a má jẹ́ kí ohun mímú gé ọ. Mo ti ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo wá igi tó fúyẹ́ tí kì í ta ẹ̀ẹ́rún, mo gbẹ́ ọmọ odó kékeré kan fún ọ, mo fá a títí ó fi jọ̀lọ̀. Mo mú ti àtijọ́ jáde lábẹ́ pákó fún ara mi. Láti ọjọ́ yẹn, àwa méjèèjì la jọ ń dúró ti odó. Bí tèmi bá ń sọ̀kalẹ̀, tìrẹ ń gòkè. Tèmi a fọ́ iṣu, tìrẹ a pa kókó tí tèmi bá fi sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti di ìyàwó ilé. Mo ní kí wọ́n wá tọ́ iyán mi wò ná.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó rọrùn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni o fi ń na apá kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, oṣù dé, oṣù lọ. Ó tó ìgbà tí imú rẹ ṣẹ̀jẹ̀ tí a rò pé kò ní dá mọ́. Bí o bá fi ara gbá ilẹ̀kùn lásán, ojú ibẹ̀ á dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan. A fẹ́ ọmọ kẹta, dókítà ní ewu ńlá ni oyún pẹ̀lú oògùn yẹn. O sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, mo bá ọ sun ún. Ní ọjọ́ kẹrin, o bọ́jú, o wọ bàtà, o padà sí kíláàsì lọ bá àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

O kó ara rẹ níjàánu ju sójà lọ. Inú agolo mílíìkì ni oògùn rẹ ń gbé, bí rédíò bá ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ìrọ̀lẹ́, o ti gbé e mì. Ẹ̀fọ́ rẹ, ṣíbí ńlá méjì ni lójoojúmọ́, kò dín, kò lé, nílé àti níbi àríyá. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín, kí o tó kí i lo ti ń sọ fún un pé irin wà láyà rẹ. Níbi ìgbéyàwó Tóyìn, o na ọwọ́ sí ẹni tó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání, o ní kó dánu dúró díẹ̀, àkókò oògùn ti tó. Gbogbo èèyàn dúró dè ọ́.

Aya rere, olùkọ́ tó mọ ọmọ lórúkọ tó sì mọ bàbá rẹ̀, abiyamọ tí kì í jẹ́ kí àlejò lọ láìjẹun, ohun tí o fi àwọn ọdún yẹn ṣe pọ̀. O di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní mọ̀ pé bí gbogbo àwọn bá dákẹ́ pátápátá, àwọn á gbọ́ aago tó wà láyà ọ̀gá, wọn a sì dákẹ́ lóòótọ́. Iṣẹ́ tí ẹgba kò lè ṣe, o fi àyà ṣe é. Dàpọ̀ tí o kò lè pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ti di ẹnjiníà. O pọn ọmọ Tóyìn sẹ́yìn. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, o wò mí lẹ́ẹ̀kan, mo pa á dé.

Wẹ́dà kan tó ń jó irin wà ní Ìjan tí àìsàn ọkàn ń dà láàmú. Wọ́n ní kó wá ṣe irú iṣẹ́ abẹ tìrẹ, ó ní òun kò lọ, kí òun kúkú kú sílé. O lọ bá a. O fa ọrùn bùbá rẹ sílẹ̀ díẹ̀, o fi orí àpá náà hàn án, o ní kí ó fọwọ́ kàn án. O gún iyán fún un níwájú rẹ̀. O ní, "Jẹun, kí o wá sọ fún mi bóyá òkú ló gún un." Ó jẹun, ó sì lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó wà láàyè, ó ti bímọ méjì, ó sì wà lára àwọn tí yóò gbé pósí rẹ lónìí.

Ọjọ́ tí o lọ, oko bàbá rẹ ní Ìjan la wà, a lọ wú iṣu tuntun. A dáná lábẹ́ abà, a jọ gún iyán. O jẹ tìrẹ tán pẹ̀lú ẹ̀fọ́ ṣíbí méjì. O ṣa ìṣó mi méjì sí etí abọ́, o rẹ́rìn-ín. O ní ó rẹ̀ ọ́ díẹ̀, o fi ẹ̀yìn ti òpó abà. Mò ń sọ̀rọ̀ nípa òrùlé abà náà, pé ó yẹ kí n wá tún un ṣe kí òjò mìíràn tó rọ̀, mo sì kíyè sí i pé o kò dá mi lóhùn. Mo gbé etí lé àyà rẹ bí mo ṣe ṣe ní Íńdíà. Oòrùn wà lókè gangan. Ilẹ̀kùn náà ti dúró.

Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ilẹ̀kùn yẹn kò bàjẹ́, ọkàn tó gbé e dúró ló ti rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni ọ́, ó dùn mí pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì ní díbọ́n níwájú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ọ́ ní aláìsàn nínú ìwé yìí. Aláìsàn kọ́ ló gbé irú ayé tí o gbé. Èmi ni mo kan pósí tí o wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní ọkọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹlòmíràn kò ní bá mi kan ìdérí tí wọn yóò pa dé lé ìyàwó mi kẹ́yìn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn ọmọ bẹ̀ mí pé kí n jẹun. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gún iyán. Mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo da iṣu sódó, mo gbé ọmọ odó mi sókè, mo jẹ́ kó balẹ̀. Mo wá dúró kí tìrẹ bọ́ sí i. Mo dúró pẹ́. Tóyìn jáde wá. Ó mú ọmọ odó kékeré yẹn nídìí ògiri, ó dúró síbi tí o máa ń dúró sí, ó ń wò mí. Mo tún gbé tèmi sókè.

A gún un títí ó fi dán. Nígbà tí a bù ú, mo fi ìka wá inú rẹ̀ láti etí abọ́ kan dé ìkejì. Àdùkẹ́, mi ò rí ìṣó kankan níbẹ̀. Mo sì jẹun.

O ti ṣe tìrẹ, ọmọ Ìjan. Sùn re o.